Ọdún Tí A Ń Ṣọ́ Ìyá Mi

Odó méjì ló wà ní agboolé wa ní Ìwéré-Ilé, ṣùgbọ́n ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń gún iyán. Ọmọ odó méjì ló máa ń bọ́ sínú rẹ̀ pọ̀, ọ̀kan lọ́wọ́ ìyá mi, ọ̀kan lọ́wọ́ ìyàwó kékeré tí bàbá mi fẹ́ wá láti Kíṣí. Bí tìyá mi bá ń ròkè, ti Àǹtí Kíṣí á máa bọ̀ sílẹ̀, gbì, gbò, gbì, gbò, títí iṣu á fi di iyán, àwọn méjèèjì ò sì ní wo ojú ara wọn. Ẹni tó bá gbọ́ ìró yẹn láti ojú títì á rò pé ọ̀rẹ́ ni wọ́n. Wọn kì í ṣe ọ̀rẹ́. Ààrò wọn ò sí lójú kan, okùn tí wọ́n ń sá aṣọ sí yàtọ̀, kódà adìẹ ìyá mi kì í ráyè jẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà Àǹtí Kíṣí. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, á jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú àtẹ ẹ̀gúsí lórí itan, wọ́n á máa bó o lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, wọ́n á máa gbọ́ bí àwọn ìyàwó ọmọ wọn ṣe ń sọ òkò ọ̀rọ̀ síra wọn. Tí ó bá fẹ́ kọjá ààlà, wọ́n á kàn ní, “Bí a bá ń jà, bíi ká kú kọ́.” Ilẹ̀ á pa rọ́rọ́. N kò ka ọ̀rọ̀ náà sí nígbà yẹn. Ọ̀rọ̀ àgbà ni, ó wà nílé bí àpótí ìjókòó ṣe wà nílé.

Èmi ni àkọ́bí. Ràfíátù lorúkọ mi, ìdí nìyẹn tí gbogbo ìlú fi ń pe ìyá mi ní Ìyá Ràfíátù. Lẹ́yìn mi, ọmọ ò tètè dé. Ó pẹ́ gan-an kí Kámọ́rù tó wọlé, ìgbà tó sì wọlé, ó dà bí ẹni pé wọ́n ṣí fèrèsé sí ara ìyá mi. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sáré ni ọdún tí mò ń sọ yìí. Ohùn ládàánì á jí wa, awó á bẹ̀rẹ̀ ariwo lórí àká, bàbá mi á máa tẹ máṣíìnì tí wọ́n ń gùn lọ oko iṣu, tí kì í fẹ́ ta nígbà ọyẹ́, lẹ́yìn náà ni a ó gbọ́ ẹsẹ̀ Kámọ́rù, pátá pátá pátá, tó ń lé awó kiri ìta. Kò lé ọ̀kan bá rí. Àǹtí Kíṣí, tí kò tíì bímọ, máa ń bu àkàrà gbígbóná fún un láti orí ààrò wọn, ìyá mi á sì ṣe bí ẹni tí kò rí i.

Ibà ló mú un lásìkò òjò. Ìyá mi gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kékeré tó wà nílùú, wọ́n fún un lóògùn, ara rẹ̀ balẹ̀, ó tilẹ̀ mu ògì. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ara náà tún gbóná, ojú rẹ̀ yí padà, kí bàbá mi sì tó ti oko dé, ẹ̀mí ti bọ́ lára rẹ̀ lórí ẹsẹ̀ ìyá mi. Àwọn ọkùnrin ló gbé e lọ. Ní ilẹ̀ wa, òbí kì í mọ sàréè ọmọ, ẹnikẹ́ni ò sì sọ fún ìyá mi ibi tí wọ́n sin ín sí. Àwọn obìnrin àdúgbò wá jókòó, wọ́n ní, “Omi ló dànù, agbè ò fọ́.” Wọ́n ní kí ìyá mi má sunkún púpọ̀, kí ẹkún má baà dí ọ̀nà fún ọmọ tó ń bọ̀. Ìyá mi gbọ́ràn. Wọ́n nu ojú, wọ́n dìde, wọ́n dáná ọbẹ̀ ilá fún àwọn àlejò. Mo ti dàgbà ju ọjọ́ orí tí ìyá mi wà nígbà náà lọ báyìí, mo sì ń rò ó pé lóòótọ́ ni agbè ò fọ́. Ó ti sán ni. Agbè tó sán kì í ké, ó kàn ń jò díẹ̀díẹ̀, ẹni tó bá gbé e lọ́wọ́ nìkan ló ń mọ̀.

Nǹkan kọ́kọ́ ń lọ bí ó ṣe ń lọ. Lẹ́yìn náà ni mo ṣàkíyèsí pé ìró odó ti yí padà. Gbì, lẹ́yìn náà àlàfo, gbì, lẹ́yìn náà àlàfo. Àǹtí Kíṣí nìkan ló ń gún un. Ìyá mi ní apá ń dùn wọ́n. Nígbà tó yá, ó di pé orí ń fọ́ wọn, ó di pé ebi ò pa wọ́n, títí tí wọn ò fi sọ ohun tó ń ṣe wọ́n mọ́. Wọ́n á mú abọ́ kan, wọ́n á máa fọ̀ ọ́, omi á dòkùnkùn, wọ́n á ṣì máa fọ abọ́ yẹn. Mo máa ń bá wọn lórí ẹní láàárọ̀ pẹ̀lú ojú tí kò pa dé. Bàbá mi ra ẹran, wọ́n ra wàrà lọ́wọ́ obìnrin Fúlàní tó máa ń gba iwájú ilé wa kọjá, nítorí ìyá mi fẹ́ràn wàrà, ṣùgbọ́n wàrà yẹn kan nínú igbá ni. Àfáà wá ṣe àdúrà, ìyá mi ń ṣe àmín pẹ̀lú ohùn tó dà bí ohùn ẹni tó wà ní yàrá kejì. Àwọn èèyàn ní kí á fi wọ́n sílẹ̀, wọ́n á gbàgbé.

Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í bà mí, mi ò sì mọ orúkọ ohun tó ń bà mí lẹ́rù. Ọmọdé mọ ẹ̀rù ejò, ó mọ ẹ̀rù pàṣán tíṣà. Èyí ò ní ojú, kò ní ìrù. Tí mo bá wà nílé ìwé, mo máa ń dákẹ́ kí n lè gbọ́ bóyá ẹnì kan ń ké láti ọ̀nà ilé wa. Bí wọ́n bá ti dá wa sílẹ̀, mà á sáré, mi ò ní dúró kó kajú bí àwọn ẹgbẹ́ mi, bí mo bá sì ti yọ sí agboolé, ohun tí mo kọ́kọ́ ń wò ni ẹnu ọ̀nà yàrá wa, nítorí ìyá mi máa ń na ẹsẹ̀ síta níbẹ̀. Bí mo bá ti rí ẹsẹ̀ yẹn, mà á rọra mí. Bí wọ́n bá sùn lọ́sàn-án, mà á jókòó tì wọ́n, mà á máa wo àyà wọn bóyá ó ń lọ sókè. Ẹnikẹ́ni ò ní kí n ṣe é. Mo kàn rí i pé bí mi ò bá wò ó, ó lè dúró.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í pín nǹkan. Àǹkárá tí wọ́n rà fún ọdún iléyá tí wọn ò tíì rán, wọ́n fún ọmọ aládùúgbò kan. Ìkòkò irin ńlá wọn, èyí tí àwọn àti Àǹtí Kíṣí torí rẹ̀ jà tí wọn ò fi bára wọn sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́, wọ́n gbé e lọ sí ààrò Àǹtí Kíṣí fúnra wọn, wọ́n ní, “Máa lò ó, Ìyàwó.” Àǹtí Kíṣí ò dúpẹ́. Wọ́n dúró, wọ́n ń wo ìkòkò, wọ́n ń wo ẹ̀yìn ìyá mi tó ń lọ. Wọn ò sì fi í se nǹkan kan. Ní ọjọ́ kejì ni mo rí Àǹtí Kíṣí tí wọ́n ń kó nǹkan jáde láti yàrá ẹrù, gbogbo oògùn tí bàbá mi fi ń fín koríko lóko, gbogbo ohun tó lè ṣèèyàn léṣe. Wọ́n rù ú jáde nínú agbọ̀n, wọ́n da aṣọ bò ó, wọ́n gbé e lọ síbi tí mi ò mọ̀. Wọ́n padà, wọ́n fi àgádágodo tuntun ti yàrá náà, wọ́n so kọ́kọ́rọ́ mọ́ etí ìró wọn. Wọ́n yíjú, wọ́n rí mi. Wọ́n ní, “Ràfíátù, o ò rí nǹkan kan.”

Ẹ wo bí ọmọdé ṣe ń ronú. Ọkàn mi sọ fún mi pé ilé ni wọ́n fẹ́ gbà. Mo ti gbọ́ lẹ́nu àwọn ọmọ ẹgbẹ́ mi bí ìyàwó kékeré ṣe máa ń ṣe ìyálé. Mo wò ó pé ìyá mi ń gbẹ, Àǹtí Kíṣí ń gba kọ́kọ́rọ́, ìkòkò ti kọjá lọ, ọ̀la ni yàrá yóò kọjá. Láti ọjọ́ yẹn ni mi ò jẹ oúnjẹ Àǹtí Kíṣí mọ́ láìjẹ́ pé mo kọ́kọ́ fún ewúrẹ́ jẹ. Ẹ̀rù wá di méjì lára mi, ọ̀kan wà nínú yàrá pẹ̀lú ìyá mi, ọ̀kan wà níta lábẹ́ igi kajú tí Àǹtí Kíṣí ti ń dáná.

Ọ̀sán ọjọ́ kan tí ọyẹ́ mú tí ètè gbogbo wa ń sán, ìyá mi pè mí pé kí n wá dirun. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti fọwọ́ kan orí mi. Inú mi dùn débi pé mo sáré. Mo jókòó sáàárín itan wọn, òòyà ń lọ, òòyà ń bọ̀, ọwọ́ wọn fẹ́lẹ́ bí ti àtijọ́. Lójijì, ọwọ́ náà dúró.

“Ràfíátù.”

“Mà.”

“Tí mi ò bá sí mọ́, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa dirun rẹ kó le jù. Orí rẹ ò gba líle.”

Mo ní, “Níbo lẹ fẹ́ lọ?”

“Ó ti rẹ̀ mí ni.”

“Ẹ lọ sùn.”

“Irú èyí tó rẹ̀ mí yìí, oorun kì í mú un lọ.” Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun. “Má sọ fún ẹnikẹ́ni.”

Wọ́n parí irun náà. Ó dára. Mi ò lè ṣàlàyé bí irun tó dára ṣe lè wúwo lórí èèyàn. Mo gbé ọ̀rọ̀ yẹn lọ sílé ìwé, mo gbé e bọ̀. Mo fẹ́ sọ fún bàbá mi, ṣùgbọ́n bí mo bá dé ọ̀dọ̀ wọn, rédíò á wà létí wọn, ojú wọn á wà lókèèrè, mà á ní mo wá bu omi ni. Ìyá Àgbà ńkọ́? Wọ́n ti darúgbó, mo rò pé ọ̀rọ̀ náà lè gbé wọn ṣubú. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe dé ẹ̀yìnkùlé níbi tí Àǹtí Kíṣí ti ń rẹ pákí fún láfún, mo rò pé kò sẹ́nikẹ́ni níbẹ̀, mo jókòó ti ìkòkò pákí tó ń rùn, mo ń sunkún. Àǹtí Kíṣí yọ láti ẹ̀yìn àká, ọwọ́ wọn funfun fún ìyẹ̀fun. Wọn ò bi mí pé ta ló nà mí. Wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú mi.

Wọ́n ní, “Kí ni ìyá rẹ sọ fún ọ?”

Mo ní wọn ò sọ nǹkan kan.

“Ràfíátù, mo mọ̀ pé o ò fẹ́ràn mi. Má fẹ́ràn mi. Ṣùgbọ́n sọ ohun tí wọ́n sọ. Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí ọmọdé kì í dá gbé.”

Mo sọ ọ́. Bí mo ṣe sọ ọ́ tán, mo rò pé ilé máa wó. Àǹtí Kíṣí kàn fi ìdí ọwọ́ nu ojú mi, ìyẹ̀fun láfún kun mi lẹ́rẹ̀kẹ́. Wọ́n ní, “O ṣeun. Kì í ṣe ìwọ ni yóò máa gbé e mọ́. Lọ jókòó ti Ìyá Àgbà.” Mi ò lọ. Mo bá ẹ̀yìn ògiri yíká, mo dúró síbi tí fèrèsé wa wà. Ìwọ̀n ẹ̀rù tó wà lára mi lọ́jọ́ náà, bí wọ́n bá fi okùn fà mí kúrò níbẹ̀, mi ò ní lọ.

Mo gbọ́ tí Àǹtí Kíṣí wọlé, tí wọ́n kúnlẹ̀ kí ìyálé wọn. Mo gbọ́ tí ẹní ń dún bí wọ́n ṣe jókòó. Ewúrẹ́ kan ń ké níta, mo fẹ́ pa á.

“Ìyálé mi, mo fẹ́ bi yín ní ọ̀rọ̀ kan. Ẹ bínú tí ẹ bá máa bínú. Ṣé ó ń ṣe yín bíi kí ẹ pa ara yín?”

N kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ọ̀rọ̀ yẹn jáde lẹ́nu rí ní agboolé wa. Wọ́n máa ń fi “Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́” bo irú rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó tó yọrí. Mo rò pé ìyá mi á lé wọn jáde.

Ìyá mi ní, “Ó ń ṣe mí bẹ́ẹ̀.”

“Ó ti pẹ́?”

“Láti ìgbà òjò. Mà á lé e lọ, á tún padà. Ó ń sọ fún mi pé ọwọ́ mi ni ọmọ náà ti bọ́, pé bí n kò bá sí, gbogbo yín á sinmi.” Ohùn wọn já. “Mi ò fẹ́ kú, Ìyàwó. Mo kàn fẹ́ kó dákẹ́ ni.”

“Ẹ ṣé tí ẹ ò parọ́ fún mi.”

Ẹní tún dún bí ẹni pé wọ́n sún mọ́ra. Àǹtí Kíṣí ní, “Èmi ni mo kó àwọn nǹkan tó wà ní yàrá ẹrù. Mo ti kó wọn jìnnà sílé. Ẹ rí mi.”

“Mo rí ọ.”

“Ẹ ò sọ̀rọ̀.”

“Ara tù mí nígbà tí o kó wọn,” ni ìyá mi wí. Mo sì gbọ́ ẹkún. Kì í ṣe ẹkún tí wọ́n nù kí wọ́n lè dáná fún àlejò. Ẹkún tó ti wà nílẹ̀ láti ìgbà òjò ni. Àǹtí Kíṣí ò ní kí wọ́n dákẹ́. Ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu wọn ni pé, “Mi ò ní fi yín sílẹ̀ lónìí. Tí ẹ bá fẹ́ bú mi, ibí ni kí ẹ ti bú mi.”

Ó pẹ́ lẹ́yìn náà kí n tó bi Àǹtí Kíṣí bí wọ́n ṣe mọ ohun tó yẹ kí wọ́n bi ìyá mi. Wọ́n ní nọ́ọ̀sì kan ló sọ ọ́ lórí rédíò bàbá mi, nígbà tí àwọn ń jọ̀ ẹ̀lùbọ́ lọ́wọ́, pé bí èèyàn bá ń pín ẹrù rẹ̀, tí kò jẹun, tí kò sùn, kí a bi í tààrà, pé bíbéèrè kì í fi ikú sí ẹni lọ́kàn. Wọ́n ní ìgbà tí ìkòkò irin dé ààrò wọn ni ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì yẹn dìde sí wọn lọ́kàn. Ìyálé wọn kì í fún wọn ní nǹkan.

Lẹ́yìn ìrun àsárì ọjọ́ náà ni gbogbo ilé pàdé nínú yàrá Ìyá Àgbà. Ìyá mi wà níbẹ̀, wọ́n fara ti ògiri, mo wà lẹ́sẹ̀ wọn, ẹnikẹ́ni ò rántí lé mi. Àǹtí Kíṣí ròyìn, wọ́n ní ọsibítù kan wà ní Ìsẹ́yìn tí wọ́n ti ń tọ́jú irú àìsàn yìí. Bàbá mi dìde, wọ́n jókòó, wọ́n tún dìde.

“Ṣé ibi tí wọ́n ń gbé wèrè lọ ni kí n gbé ìyàwó mi lọ? Ojú ta ni a ó fi wọ bọ́ọ̀sì? Ta ni yóò wá fẹ́ Ràfíátù lọ́la? Wọ́n á ní wèrè wà nínú ẹbí wa.” Wọ́n fi ọwọ́ bo ojú. “Àwọn àgbà ló ní ikú yá ju ẹ̀sín.”

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bọ́ lẹ́nu bàbá mi ni mo rí i pé wọ́n fẹ́ gbé e mì padà. Ìyá mi ò gbé ojú sókè. Ìyá Àgbà gbé àtẹ ẹ̀gúsí kúrò lórí itan.

“Ta ló sọ fún ọ pé ikú yá ju ẹ̀sín? Ìwọ, èwo lo ti rí nínú méjèèjì?” Ohùn wọn ò lọ sókè. “Mo ní àbúrò obìnrin kan. Sínátù. Ẹ ò mọ orúkọ rẹ̀. Wọ́n sọ fún gbogbo èèyàn pé inú rírun ló pa á. Kì í ṣe inú rírun. A rí i tó ń gbẹ, bí eléyìí ṣe ń gbẹ yìí. Ìyá wa ní ká má sọ ọ́ síta, ká fi bò. A fi bò. Ará ìta ò gbọ́, títí dòní. Ẹ̀sín ò dé ilé wa rárá. Sínátù náà ò sì sí.”

Wọ́n gbọn èèpo ẹ̀gúsí kúrò lára ìró wọn.

“Ẹ̀sín a máa tán,” ni Ìyá Àgbà wí. “Mo ti rí èyí tó tán lójú mi. Ikú ni kì í tán.”

Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ níwájú ìyá wọn bí ọmọ ilé kéwú. “Ẹ̀rù ló ń bà mí, Ìyá.”

“Ẹ̀rù ń ba gbogbo wa. Lọ wá ọkọ̀.”

A gbéra láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Wọn ò fẹ́ mú mi lọ, ṣùgbọ́n mo di etí ìró ìyá mi mú, kò sẹ́ni tó lè já mi. Eruku ọyẹ́ bo ọ̀nà débi pé dẹ́rẹ́bà tan iná lójú ọ̀sán. Níbì kan, màlúù Fúlàní bọ́ sójú títì, a dúró, a ń wo wọn bí wọ́n ṣe ń kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá mi ń wo igbó. Àǹtí Kíṣí di ọwọ́ wọn mú láti Ìwéré-Ilé dé Ìsẹ́yìn, wọn ò tú u sílẹ̀ àní nígbà tí òógùn mú un. Mo ti gbọ́ pé wọ́n máa ń so àwọn èèyàn mọ́lẹ̀ níbẹ̀ bí ẹran, mo ti ń wá ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ kiri láti ẹnu géètì. Ohun tí mo rí ni àwọn bẹ́ǹṣì gígùn àti àwọn èèyàn bíi tiwa: ìyá kan tó gbé ọmọ pọ̀n, bàbá kan tó dé fìlà, tó ń ka ilẹ̀kẹ̀ tẹ̀súbà lọ́wọ́, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó wọ aṣọ iṣẹ́. Dókítà obìnrin tó rí wa bi ìyá mi ní irú ìbéèrè tí Àǹtí Kíṣí bi wọ́n, kò sì yíjú kúrò.

Dókítà ní, “Ìyá, àìsàn ni. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ni. Bí ibà ṣe ń mú ara náà ni èyí ń mú ọkàn. Kì í ṣe pé ẹ ò nígbàgbọ́, kì í sì ṣe ẹ̀yin lẹ pa ọmọ yín. Ó ní ìtọ́jú. Kò ní yá lọ́jọ́ kan, ṣùgbọ́n ẹ ò ní dá a ṣe. Ọjọ́ tó bá tún dé, ẹ má dá jókòó tì í. Ẹ wá ẹnì kan.”

Ìgbà tí dókítà dé ibi ọ̀rọ̀ ọmọ ni ojú ìyá mi kọ́kọ́ kúrò nílẹ̀.

Wọ́n dá ìyá mi dúró síbẹ̀. Àǹtí Kíṣí dúró tì wọ́n, èmi àti bàbá mi padà. Àkókò yẹn ni agboolé wa dákẹ́ jù. Kò sí ìró odó kankan, ẹ̀kọ la ń jẹ. Gbogbo ìgbà tí ọkadà bá rọra yà sí ọ̀nà ilé wa, bàbá mi á dìde dúró, èmi náà á dìde, a ò ní wo ara wa, nítorí ìròyìn búburú náà máa ń gun ọkadà. Mo rò pé wọn ò ní bọ̀ mọ́. Wọ́n bọ̀. Ọwọ́ ìyá mi ń gbọ̀n díẹ̀ nítorí oògùn, oorun ń kùn wọ́n, ẹnu wọn ń gbẹ. Ẹ̀sín tí bàbá mi ń bẹ̀rù náà dé lóòótọ́. Ní etí kànga, obìnrin kan bi mí bóyá ìyá mi tó ya wèrè ti padà, àwọn kan ń gba ọ̀nà míràn kọjá. Ìyá Àgbà ní kí n kí gbogbo wọn. Mo ń kí wọn. Nígbà tó yá, ó sú wọn.

Ẹ má rò pé ibẹ̀ ló parí sí. Àìsàn náà ń lọ, ó ń bọ̀, bí òjò ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Ọjọ́ kan wà tí mi ò lè gbàgbé, ọjọ́ ọjà ni. Àǹtí Kíṣí ti gbé láfún lọ sọ́jà, bàbá mi wà lóko, Ìyá Àgbà lọ kí aláìsàn ní ìdílé kejì, wọ́n rò pé wọn ò ní pẹ́. Mo ti ilé ìwé dé, mo wo ẹnu ọ̀nà, kò sí ẹsẹ̀. Mo wọ yàrá, mo wo ẹ̀yìnkùlé, mo wo ìdí kajú. Mo pe ìyá mi lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tó yá, ó di igbe. Àwọn èèyàn tú síta, àwọn kan gba ọ̀nà odò, àwọn kan gba ọ̀nà oko kajú, ẹnì kan lọ pe bàbá mi. Bàbá mi dé, wọ́n sọ máṣíìnì sílẹ̀ láìpa á, wọ́n ń sáré nínú koríko, wọ́n ń pe, “Àmínátù. Àmínátù.” Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ ìyá mi lẹ́nu wọn. Ó bà mí lẹ́rù ju gbogbo nǹkan lọ, nítorí ó dà bí orúkọ tí wọ́n ń pe ẹni tó ti lọ jìnnà.

Àǹtí Kíṣí ló rí wọn. Wọ́n ti ọjà sáré bọ̀, wọ́n fẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ ilé ìwòsàn kékeré kọjá, wọ́n sì rí ìyá mi lórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ òrùlé níwájú ibẹ̀, pẹ̀lú nọ́ọ̀sì, wọ́n ń mu omi. Nígbà tí gbogbo wa dé, tí a ń mí hẹlẹ, ìyá mi wo wa bí ẹni tí kò mọ ìdí tí ẹsẹ̀ gbogbo ìlú fi dọ̀tí.

Wọ́n ní, “Ó tún dé láàárọ̀ yìí. Mo wo ilé, kò sẹ́nikẹ́ni. Wọ́n ní kí n má dá jókòó tì í. Mo bá gun ọkadà.”

Bàbá mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú yẹ̀pẹ̀, pẹ̀lú aṣọ oko lọ́rùn, wọ́n di ẹsẹ̀ ìyá mi mú.

Bàbá mi àti Ìyá Àgbà ti lọ báyìí, kí Ọlọ́run kẹ́ wọn. Àwọn ìyàwó méjèèjì ló kù nínú ilé náà. Ìbàdàn ni mò ń gbé, mo ti bí ọmọ tèmi, ẹ̀rù yẹn ò sì tíì kúrò lára mi tán, mi ò ní parọ́. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo pe ìyá mi lórí fóònù, wọn ò gbé e. Mo tún pè. Mo fi ìwé tí mò ń yẹ̀ wò sílẹ̀. Mo pe fóònù Àǹtí Kíṣí, ó dún títí kí wọ́n tó gbé e, mo sì gbọ́ ariwo lẹ́yìn wọn.

Wọ́n ní, “Wọ́n wà níbí. A ń jà ni. Wọ́n da iyọ̀ sọ́bẹ̀ tí mo ti fi iyọ̀ sí.” Wọ́n gbé fóònù fún ìyá mi.

Mo ní, “Ẹ kú ọ̀sán, mà.”

Ìyá mi gbọ́ bí mo ṣe ń mí. Wọ́n ní, “Ràfíátù, kò dé. Tó bá dé, mà á sọ.”